Agbádá Kì Í Ṣe Akọ̀ Ìbọn

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí àwọn òǹkàwé yín nílé àti lẹ́yìn odi. Aránṣọ ni mí ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́ṣẹ́, níbí ni mo sì ti ń fi í jẹun báyìí. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni lẹ́tà òǹkàwé yín kan tí òun náà ń gbé Amẹ́ríkà, ẹni tó sọ pé kò sí aṣọ tó dára bí agbádá fún ẹni tó fẹ́ gbé ìbọn ìléwọ́ pamọ́ sára, nítorí pé yóò ṣoge, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ ohun tó fi sábẹ́ aṣọ. Láti ìgbà tí lẹ́tà náà ti jáde, oníbàárà mẹ́ta ló ti gbé agbádá tàbí bùbá wá fún mi pé kí n rán àpò ìbọn sí i nínú. Mi ò rán an fún èyíkéyìí nínú wọn. Wọ́n rò pé mo kórìíra ìbọn ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ aránṣọ ni mo ń bá wọn sọ.

Fún àwọn tó wà nílé tí ọ̀rọ̀ yìí lè yà lẹ́nu, gbígbé ìbọn sábẹ́ aṣọ kì í ṣe ìwà ìpáǹle ní Texas. Ní 1991, ọkùnrin kan wa ọkọ̀ wọ inú ilé oúnjẹ kan ní ìlú Killeen, ó sì yìnbọn pa ènìyàn 23. Suzanna Hupp wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà; ó ti fi ìbọn tirẹ̀ sílẹ̀ sínú ọkọ̀ nítorí pé òfin kò gbà á láyè láti gbé e sára, bàbá àti ìyá rẹ̀ sì bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Ẹjọ́ tó ń rò kiri lẹ́yìn náà wà lára ohun tó jẹ́ kí George W. Bush, tó jẹ́ gómìnà nígbà náà, buwọ́ lu òfin kan ní 1995 tó fàyè gba ìbọn abẹ́ aṣọ fún ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kò sì dè lọ́wọ́, lè gbé e láìgba ìwé àṣẹ rárá. Ẹ̀yin tí ẹ wá pẹ̀lú ìwé ìrìnnà àbẹ̀wò tàbí ti ẹ̀kọ́, ẹ má gbọ́ èyí kí ẹ sáré lọ ra ìbọn o: òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà fún yín, àfi ní ìwọ̀nba ọ̀nà díẹ̀, bíi ti ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Nínú àwọn oníbàárà tèmi, àwọn nọ́ọ̀sì tó ń jáde níbi iṣẹ́ lóru ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé e, mi ò sì rí ẹ̀bi wọn.

Ohun àkọ́kọ́ tí aránṣọ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ìbọn ni pé ó wúwo. Glock 19, tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn tó ń gbé ìbọn níbí, á tó nǹkan bíi 850 gíráàmù bí ọta bá kún inú rẹ̀. Ẹ fi ohun tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ sínú àpò àyà agbádá, kí ẹ wá rìn: yóò máa fì sọ́tùn-ún, yóò máa fì sósì, ọrùn agbádá yóò sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan títí tí ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè pàápàá yóò fi mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ṣòkòtò olókùn wa kò sàn jù ú lọ, nítorí okùn kò lè dá ẹrù irin dúró. Plaxico Burress, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú bọ́ọ̀lù irú ti Amẹ́ríkà, ẹni tó gba bọ́ọ̀lù tó fún New York Giants ní ife ẹ̀yẹ ní oṣù kejì ọdún 2008, fojú ara rẹ̀ rí i nínú oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà. Ṣòkòtò eré ìdárayá ló wọ̀ lọ sí ilé ijó kan ní Manhattan. Ìbọn yọ̀ láti ìbàdí rẹ̀ sínú ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ó dún, ó sì bà á ní itan. Nítorí pé kò ní ìwé àṣẹ ní New York, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni wọ́n dá fún un. Ìtàn yìí ni mo máa ń sọ fún oníbàárà tó bá ní kí n fi rọ́bà sí ìdí ṣòkòtò tó fẹ́ fi gbé ìbọn.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣoge pẹ̀lú ìbọn lára, ìgbànú àti akọ̀ ni kó kọ́kọ́ rà kó tó dárúkọ aṣọ. Kí ìgbànú náà le gan-an, kí akọ̀ sì jẹ́ èyí tó bo tírígà pátápátá, tí ohunkóhun, ìbáà ṣe ìka, ìbáà ṣe okùn tàbí etí bùbá, kò fi ní ríbi wọlé fà á. Lẹ́yìn èyí ni èmi tó wọ ọ̀rọ̀. Bí akọ̀ yóò bá wà nínú ìdí ṣòkòtò, mo máa ń fi ìǹṣì kan tàbí méjì kún ìdí ṣòkòtò náà, mo sì máa ń rán ibi tí ìgbànú ń gbà kọjá ní àránpadà. Bùbá yóò gùn kọjá ìbàdí dáadáa, kò ní fún mọ́ ikùn, ibi tí a là sí ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sì ní ga, torí pé bí ènìyàn bá nawọ́ sókè láti gbé nǹkan, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń là sílẹ̀.

Àwọn ará ibí máa ń sọ pé ìbọn ń tẹ ara rẹ̀ jáde bí àwòrán rẹ̀ bá hàn lára aṣọ, bí ìgbà tí wọ́n bá tẹ ìwé. Lórí èyí, aṣọ ilé wa ta yọ. Àǹkárá tó kún fún ọnà àti adìrẹ ẹlẹ́kọ máa ń da ojú rú, tí olùwòran kò fi ní mọ èyí tó jẹ́ ọnà yàtọ̀ sí ibi tí aṣọ ti wú. Aṣọ òkè dára ju gbogbo wọn lọ, nítorí pé ó le, kì í lẹ̀ mọ́ ara. Gínì funfun tó ń dán ni ọ̀tá, gbogbo ìgun ìbọn ni yóò yọ lára rẹ̀. Ti léèsì, ẹ jẹ́ kí n dákẹ́. Ihò ló fi ṣe ẹwà.

Ohun kan wà tí aránṣọ Òyìnbó kò ní rò láéláé, òun ni ìdọ̀bálẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin níbí ń gbé ìbọn síwájú, lábẹ́ ìdodo, nítorí pé ó yá láti fà yọ. Ẹ wá ronú ọkọ ìyàwó tí yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn àna, tí irin yóò máa tì í níkùn, tí ẹnu ìbọn yóò sì kọjú sí ibi tí kò yẹ kó kọjú sí. Bí ó bá sì gbé e sẹ́yìn, ẹ̀yìn náà ni gbogbo àgbà tó jókòó yóò máa wò. Kò sí bí mo ṣe lè gé aṣọ tí ọ̀rọ̀ yìí yóò fi yanjú.

Ní ti àwa obìnrin, ìró kò gba ìgbànú. Àwọn kan ń so ọ̀já rọ́bà fífẹ̀ mọ́ ikùn lábẹ́ kaba, ṣùgbọ́n ẹni tó ní láti ká kaba dé àyà kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan ìbọn, kí ni ìbọn náà fẹ́ ṣe fún un? Ọ̀pọ̀ wá sá sí báàgì aláwọ, èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́nà tó lẹ́wà, tó ní àpò ọ̀tọ̀ onísípù fún ìbọn nìkan. Irú báàgì bẹ́ẹ̀ ni ìyá kan gbé lọ sí ilé ìtajà ní ìlú Hayden, ní ìpínlẹ̀ Idaho, ní oṣù kejìlá ọdún 2014. Ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì, tó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ ọjà, ló yọ ìbọn náà, tó sì yìn ín pa ìyá rẹ̀. Mo mọ báàgì àwọn ọlọ́mọ wa: ìlédìí, bísíkíìtì àti fóònù ló wà níbẹ̀, ọwọ́ ọmọ kì í sì í kúrò nínú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mẹ́ta yẹn bi mí pé ṣebí Woolrich, tó ti ń ṣe aṣọ láti 1830, náà ta ṣòkòtò tó ní àpò ìkọ̀kọ̀ fún ìbọn ní 2012, ṣebí wọ́n sì ṣe àfihàn oge onírú aṣọ bẹ́ẹ̀ ní Milwaukee ní 2017. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣòkòtò tó gba ìgbànú ni Woolrich rán àpò tirẹ̀ sí. Ọrùn ni agbádá ti ń rọ̀ wálẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìbọn tó bá wọ ara gbọ́dọ̀ lè bọ́ kúrò lára láìfọwọ́ kan tírígà. Òfin Texas kò gba nọ́ọ̀sì láyè láti gbé ìbọn wọ ilé ìwòsàn láìjẹ́ pé àwọn tó ni ibẹ̀ fọwọ́ sí i, kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gbé e wọ ilé ọtí tí wọ́n lẹ àmì 51% pupa mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tó túmọ̀ sí pé ọtí ló ń mú ohun tó lé ní ìdajì owó wọn wọlé. Ẹni tó ní akọ̀ yóò bọ́ ìbọn tòun ti akọ̀, yóò fi sínú àpótí onírin alágàdágodo nínú ọkọ̀, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí mo bá rán àpò fún, ìbọn níhòòhò ni yóò máa fà jáde nínú òkùnkùn ọkọ̀, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Mi ò tíì sọ ti òde ijó, níbi tí wọ́n ti ń wọ agbádá jù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, òṣìṣẹ́ FBI kan tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ń jó ní ilé ọtí ní Denver, ó tàkìtì, ìbọn já bọ́ láti ìbàdí rẹ̀, nígbà tó fẹ́ gbé e ó dún, ó sì ba ọkùnrin kan lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ìjọba kọ́ ní ìbọn nìyẹn. Ní òwàm̀bẹ̀ tiwa, a óò ká apá agbádá sí èjìká nígbà tí kò lóǹkà, a óò bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìlù, a óò náwó, àwọn ọmọ yóò máa ṣa owó láàárín ẹsẹ̀ wa, ọtí yóò sì ti wọra, bẹ́ẹ̀ òfin Texas kò fàyè gba ẹni tó ti mutí yó láti gbé ìbọn kiri níta. Agbádá kan náà ni a óò tún dì sínú báàgì lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ní 2024, ìbọn tí àwọn aláyẹ̀wò pápákọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà rí nínú ẹrù ọwọ́ àwọn èrò lé ní 6,600, mo sì lè fojú inú rí iye tí yóò jẹ́ bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í rán an mọ́ aṣọ.

Fún oníbàárà mi tó ṣì ń bínú, ilẹ̀kùn ìsọ̀ mi ṣí sílẹ̀ o. Kó mú ìgbànú àti akọ̀ rẹ̀ wá fún mi kí n wọ̀n wọ́n, èmi yóò rán ṣòkòtò àti bùbá aṣọ òkè tó máa yẹ ẹ́. Ìbọn ni kó fi sílé lọ́jọ́ náà. Mi ò nílò rẹ̀ láti wọn ìdí ṣòkòtò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Aránṣọ kan ní Houston