Kí ni ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ṣe tí ẹ fi ní kó wá ẹ̀bi ara rẹ̀?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí ẹnì kan ti ń rọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Chicago níbí, àti àwọn ti ilé, pé kí wọ́n gba ètò ìgbésẹ̀ méjìlá ti Alcoholics Anonymous, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mùtí tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́, tí gbogbo ayé ń pè ní AA, wọlé fún àwọn ọmọ wa tí ọtí àti oògùn olóró ti di bárakú fún. Ó ní kò sí ẹni tí ètò náà kò lè wò sàn, àfi ẹni tí kò bá fẹ́ bá ara rẹ̀ sọ òtítọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tó jọ ọ́ wà nínú ìwé tí AA tẹ̀ ní 1939, ọ̀pọ̀ ìpàdé ló sì ń kà á sókè títí dòní. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló mú mi kọ lẹ́tà yìí, torí pé ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, mo jókòó sínú mọ́tò níwájú ibi ìpàdé AA, àbúrò mi sì jáde wá, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi ni, ṣùgbọ́n agbolé kan náà ni a ti dàgbà n'Íbàdàn. Lọ́dún tó kọjá, ọlọ́pàá dá a dúró lójú títì, wọ́n sì rí i pé ó ti mutí kó tó wa ọkọ̀. Adájọ́ kò rán an lẹ́wọ̀n. Wọ́n gba láísẹ́ǹsì rẹ̀, wọ́n fi í sábẹ́ ìṣọ́ probation officer, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ ẹni tí kọ́ọ̀tù kò rán lẹ́wọ̀n, wọ́n sì ní kó máa lọ sí ìpàdé AA lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Wọ́n fún un ní ìwé pélébé kan tí alága ìpàdé gbọ́dọ̀ máa buwọ́ lù. Bí ìbuwọ́lùwé bá dín, ó di ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀tù. Èmi ni mò ń gbé e lọ, èmi náà ni mò ń gbé e bọ̀.

Ìwé kíkọ kan ló mú dání ní Ọjọ́bọ̀ náà. Sponsor rẹ̀, ìyẹn ẹni tó ti pẹ́ nínú ètò náà tó ń mú un lọ́wọ́, ti ní kó ṣe ìgbésẹ̀ kẹrin, níbi tí èèyàn ti ń yẹ ìwà ara rẹ̀ wò. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n mọ bó ṣe rí: wọ́n á pín ojú ìwé sí òpó mẹ́rin. Ta ló ṣẹ̀ ọ́? Kí ló ṣe? Kí ló bà jẹ́ fún ọ? Kí ni ipa tìrẹ nínú rẹ̀? Àbúrò mi kọ orúkọ bàbá kan sí òpó àkọ́kọ́, ẹbí wa ni. Ó kọ ohun tí bàbá náà fi ojú rẹ̀ rí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó kọ ohun tó bà jẹ́, ojú ewé kan kò sì gbà á. Ó fi òpó kẹrin sílẹ̀ lófìfo. Sponsor ní kò gbọdọ̀ wà lófìfo, pé kò sí ẹni tí kò ní ipa tirẹ̀, kó padà lọ wá a.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ipa wo?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àṣírí náà kọ́kọ́ tú nílé wa, ọmọ náà ni àwọn àgbà pè sí pálọ̀, wọn kò pe bàbá náà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Kí ni ìwọ wá lọ ṣe nínú yàrá rẹ̀?" Mo wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí, n kò lè lanu. Wọ́n ní kí ará ìta má gbọ́. Bàbá náà ń jẹ, ó ń mu, ó ń ná owó fún onílù lóde àríyá. Àwọn baba wa ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kò ní gbàgbé. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Ọmọ yìí kàwé, ó kọjá òkun, ó ń ṣiṣẹ́, kò sì lè sùn lóru láì kọ́kọ́ mu nǹkan. Ìgbà tó wá rí ẹni tó ní òun fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ìbéèrè pálọ̀ yẹn náà ni wọ́n tún gbé kò ó lójú, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kàn fi bi í.

Nínú mọ́tò, ó ní, "Àǹtí, bóyá mo ní ipa lóòótọ́. Èmi ni mo kan ilẹ̀kùn." Bàbá náà ló ní kó gbé omi wá fún òun!

Mo pe ọ́fíìsì probation. Ẹni tó gbé fóònù ní iṣẹ́ àwọn ni kí àwọn ka ìbuwọ́lùwé, ohun tí wọ́n ń sọ ní ìpàdé kò kan àwọn. Mo lọ bá àwọn tó ń ṣètò ìpàdé náà. Wọ́n ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló dá dúró, kò sí ọ̀gá tó lè pàṣẹ fún sponsor. Òtítọ́ ni, bí AA ṣe gbé ara rẹ̀ kalẹ̀ nìyẹn, ó sì yẹ ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Ṣùgbọ́n ìjọba ló ń ti èèyàn wọlé síbẹ̀, tipátipá! Ẹ wá sọ fún mi, bí wọ́n bá ṣe ẹni tí ìjọba tì síbẹ̀ léṣe, ta ni yóò dáhùn? Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọ̀nyí jókòó sínú ọ́fíìsì tó tutù, wọ́n ń ka ìwé pélébé. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó bi àbúrò mi pé kí ló dé tó fi ń mutí.

Ọdún 1935 ni Bill Wilson, tó ń ṣe òwò ìpín ìdókòwò ní New York, àti dókítà oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Bob Smith, bẹ̀rẹ̀ AA ní ìlú Akron, ní Ohio. Ìgbésẹ̀ méjìlá jáde nínú ìwé wọn ní 1939. Ọkùnrin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwọn tó wà nídìí ẹ̀ nígbà náà. Ìgbéraga àti ìmọtara-ẹni-nìkan ni wọ́n rí nínú ara wọn, oògùn ìgbéraga ni wọ́n sì pò. N kò bá wọn jà. Ẹni tí orí rẹ̀ wú, ó dáa kí a ní kó tẹrí ba. Ẹni tí wọ́n ti tẹ orí rẹ̀ ba láti kékeré ńkọ́? Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ní kó jẹ́wọ́ pé òun kò ní agbára. Mo mọ̀ pé agbára lórí ọtí ni wọ́n ń wí. Ẹni tí àgbàlagbà ti dì mú rí, tí kò lè ké, kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1980 ni àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà tó kọ PTSD, ìyẹn àìsàn tí ìpayà àtẹ̀yìnwá máa ń fà, sínú ìwé àìsàn wọn. Ìgbésẹ̀ méjìlá ti fi ọdún 41 ṣáájú rẹ̀. A kò lè bá àwọn tó kọ ọ́ wí pé wọn kò mọ̀. Àwa tí a ti mọ̀ báyìí ni mò ń bá wí.

Torí pé a ti mọ̀. Dókítà Vincent Felitti ní San Diego àti Dókítà Robert Anda bi àwọn èèyàn tó lé ní 17,000 léèrè nípa ìyà tó jẹ wọ́n ní kékeré. Èsì àkọ́kọ́ jáde ní 1998. Ẹni tí irú ìyà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá ti jẹ nígbà èwe, ewu kí ọtí tàbí oògùn olóró di bárakú fún un, tàbí kó gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin sí méjìlá ti ẹni tí irú ìyà bẹ́ẹ̀ kò jẹ. Nọ́ọ̀sì ni mí, kò yà mí lẹ́nu. Nínú àwọn obìnrin tí wọ́n gbé wá sí wọ́ọ̀dù wa nítorí ọtí, àwọn tó sọ ìtàn ìgbà èwe wọn fún mi láàárín òru kò lóǹkà. Òru ni wọ́n máa ń sọ ọ́, nígbà tí dókítà bá ti lọ tán. Mẹ́ta nínú wọn sọ fún mi pé àwọn sá kúrò ní AA nítorí ìgbésẹ̀ kẹrin yìí. Ọ̀kan ti kú.

N kò sọ pé AA kò wúlò. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ purọ́. Ọ̀fẹ́ ni, ó wà ní gbogbo àdúgbò, ó sì gba ọ̀gá mi kan níbi iṣẹ́ là, tí kò tíì fẹnu kan ọtí láti ọdún mọ́kànlá. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ Cochrane, tó máa ń gbé ìwádìí ìṣègùn yẹ̀ wò, yẹ ìwádìí 27 wò, tó kan èèyàn 10,565, wọ́n sì rí i pé ètò náà ń mú kí àwọn èèyàn jáwọ́ nínú ọtí bí ìtọ́jú mìíràn ṣe ń ṣe, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí èèyàn má mutí lọ́tọ̀, kí ọgbẹ́ rẹ̀ jinná lọ́tọ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń mutí ni ọtí ni àìsàn rẹ̀ àkọ́kọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé nítorí Ọlọ́run tí wọ́n ń dárúkọ ni mo ṣe ń bínú. Èmi àti àbúrò mi kì í fi ọjọ́ ìsinmi ṣeré. Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ìjọba àpapọ̀ tó jókòó ní Chicago wa níbí ti sọ ọ́ ní 1996, nínú ẹjọ́ ẹlẹ́wọ̀n kan láti Wisconsin, pé ìjọba kò lè fi ipá mú èèyàn lọ sí irú ìpàdé tí ẹ̀sìn wà nínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2007, ilé ẹjọ́ irú rẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn sọ ohun kan náà nínú ẹjọ́ ọkùnrin ẹlẹ́sìn Buddha kan ní Hawaii. Ìdájọ́ ti wà nílẹ̀ tipẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí kò jẹ́ sọ fún ẹni tó wà níwájú wọn pé ó lè yan ibòmíràn. Àwọn ọmọ wa tí wọn kò ní owó lọ́yà kò mọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣe rèé. Ètò kan wà tó ń jẹ́ Seeking Safety, Dókítà Lisa Najavits ló gbé e kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ọtí àti ọgbẹ́ ọkàn ni wọ́n ń tọ́jú pọ̀. Ẹ̀kọ́ 25 ló ní. Kò sí ẹni tó máa ní kí o sọ ohun tí wọ́n ṣe sí ọ, kò sì sí òpó kẹrin. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ èèyàn ni bó ṣe máa wà láìléwu lónìí: bó ṣe máa sọ pé rárá, bó ṣe máa ké sí ẹlòmíràn kó tó ṣí ìgò, bó ṣe máa fa ara rẹ̀ padà bí ìrántí bá fẹ́ gbé e lọ. Kó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Kó máa dárúkọ ohun tó ń rí nínú yàrá, tábìlì, fèrèsé, àwọ̀ ògiri, títí ọkàn rẹ̀ yóò fi mọ̀ pé Chicago lòun wà, òun kò sí n'Íbàdàn, àti pé àgbàlagbà lòun báyìí. Mo ti ń bá àbúrò mi ṣe èyí nínú mọ́tò, ó sì máa ń mí dáadáa tí a bá ti ka nǹkan méje.

Kò dìgbà tí èèyàn bá jẹ́ dókítà kó tó lè darí rẹ̀. Ẹni tó ti gba ọ̀nà yẹn kọjá rí, tí ara rẹ̀ sì ti balẹ̀, lè kọ́ ọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn ẹgbẹ́ Yorùbá wa. A ní gbọ̀ngàn. Owó tí a ń ná lórí aṣọ ẹbí ọdọọdún, ìdá díẹ̀ nínú rẹ̀ tó láti san owó social worker kan tó gbọ́ Yorùbá, tí yóò máa pe àwọn obìnrin jọ láàárọ̀ Sátidé. Kí wọ́n máa se oúnjẹ síbẹ̀. Kí wọ́n má kọ orúkọ ètò náà sára ilẹ̀kùn, kí aládùúgbò má fi sọ̀rọ̀. Kí àwọn ìyálóde àti ìyá ìjọ jókòó sẹ́yìn, kí wọ́n gbọ́, kí wọ́n má bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè pálọ̀. Kí a bá kọ́ọ̀tù sọ̀rọ̀ kí wọ́n gba ìbuwọ́lùwé ibẹ̀. Bí ẹgbẹ́ mẹ́ta péré bá dáwó jọ, ó ti yọrí. Ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là tèmi wà nílẹ̀.

Kí kọ́ọ̀tù fún èèyàn ní ìwé tó to ibi tó lè lọ, kí Women for Sobriety, tí Jean Kirkpatrick dá sílẹ̀ ní 1975 fún àwọn obìnrin tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí, wà nínú rẹ̀. Kí sponsor yé bá èèyàn wí nítorí oògùn tí dókítà kọ fún un, irú bí naltrexone, tó ti gba àṣẹ fún ọ̀rọ̀ ọtí láti 1994. Kí ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ yẹn sì bi àwọn obìnrin léèrè kó tó gbé ètò yìí wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìbuwọ́lùwé méje ló kù lórí ìwé àbúrò mi. Ó máa padà lọ ní Ọjọ́bọ̀. Mo ti sọ fún un pé kó fi òpó kẹrin sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá sì bi í, kó pè mí wọlé. Inú mọ́tò ni màá wà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ orúkọ mi, nítorí tirẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì kan,
Chicago, Illinois