Ẹ Má Sá Ìwé Àtijọ́ Tó Bu Sóòrùn

Sí Olótùú,

Ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín. Nígbà òjò, ọ̀pọ̀ ìdílé àti ṣọ́ọ̀ṣì máa ń ṣí àpótí, wọ́n á rí i pé èébu ti bo ìwé àdéhùn ilẹ̀ tàbí ìwé ìrìbọmi àtijọ́. Wọ́n á fi aṣọ tútù nù ún, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á ju káńfọ̀ sínú àpótí. Ìtọ́jú yìí gan-an ló ń parí ohun tí èébu bẹ̀rẹ̀.

Sẹ́lúlóòsì tí wọ́n fi ṣe bébà ni èébu ń jẹ. Ó ń tu oje kan tó ń gé e wẹ́wẹ́ títí yóò fi di ṣúgà tó lè fà mu. Ìdí nìyẹn tí ojú ibi tó bu fi ń rọ̀ bí òwú, tó sì ń já lọ́wọ́. Gọ́ọ̀mù àti sítáàṣì ẹ̀yìn ìwé tún rọrùn fún un láti jẹ, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ìwé àti ibi ìránpọ̀. Àwọ̀ tí irú èébu bí Aspergillus tàbí Chaetomium bá fi sílẹ̀ ti wọnú bébà; ẹ má ha á.

Ìwé tó bá rin gbingbin lè bu láàrin wákàtí 48. Ẹ tẹ́ ẹ sínú ilé, ẹ fi bébà funfun tó ń fa omi sáàárín àwọn ewé rẹ̀, ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti tutù. Ẹ kọjú fáànù sí ògiri, kó má baà fẹ́ hóró èébu káàkiri. Tí ìwé bá pọ̀ jù, ẹ fi náílọ́ọ̀nù wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú fírísà, ní -20°C, kẹ́ ẹ lè máa gbẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀. Òtútù kò pa èébu o, ó kàn dá a dúró ni. Fọ́tò àtijọ́ tó wà lórí gíláàsì kò gbọ́dọ̀ wọ fírísà.

Èébu tútù máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Tẹ́ ẹ bá nù ún, ẹ ń tì í wọnú bébà ni. Ẹ dúró kó di lẹ́búlẹ́bú. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e síta lábẹ́ ibòji, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú N95, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a láti àárín lọ sí etí. Ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn.

Lóòótọ́, oòrùn ń gbẹ ìwé, ṣùgbọ́n ó ń pa tàdáwà rẹ́, ó sì ń sọ bébà di gbígbẹ tó ń kán. Bílíìṣì burú jù ú lọ: ó ń jẹ tàdáwà àti bébà pọ̀. Kòkòrò ni káńfọ̀ ń lé, kì í ṣe èébu. Ìwé tí wọ́n bá sì ti làmínéètì, ó ṣòro gan-an láti tú u láìbà á jẹ́.

Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Tó bá ti ju 65% lọ, èébu á máa dàgbà; ẹ gbìyànjú kó má kọjá 55%. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọ̀n ọ́n kò wọ́n, ó sì yẹ kó wà ní gbogbo ààfin, kóòtù àti ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìwé àtijọ́. Ẹ gbé pákó ìkówèésí kúrò lára ògiri, kó sì fi ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15 ga kúrò nílẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n ń tàn lọ́sàn-án, tí wọ́n ń pa lálẹ́, léwu púpọ̀: yàrá ti tutù, afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin á wọlé, á di omi lára kọ́bọ́ọ̀dù irin. Yàrá tí atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa sàn ju èyí lọ.

Èmi ni tiyín,
Olùtọ́jú ìwé àtijọ́,
Ìbàdàn.