Ìkéde: Ìpàdé Wa Àkọ́kọ́ Lọ́dún Tuntun

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, la ó ṣe ìpàdé níbí l'Óṣogbo. Jòhánù orí 3 la ó kà: Nikodémù, àgbà olùkọ́ tó fi òru bojú wá bá Jésù, tí Jésù kò sì lé e.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ẹni tó fojú winá lọ́dún tó kọjá wá, pàápàá ẹni tí kò tíì gbàgbọ́. Nígbà ìsọjí Òkè-Ooyè n'Iléṣà, lọ́dún 1930, ọ̀pọ̀ ẹni tí kò mọ Kristi rí ló gbà á gbọ́. Ìrètí náà ṣì wà.

Ẹni tí kò bá ní owó ọkọ̀, kó tètè sọ fún mi.

Akọ̀wé ẹgbẹ́