Lẹ́tà sí Àṣàkẹ́ Lórí Gbèsè Ilé Ẹ̀kọ́ àti Owó Iṣẹ́

Houston, Texas.

Àṣàkẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí àǹtí rẹ tí o wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ti ka ìwé ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí o fi ránṣẹ́ sí mi, èyí tó ní o lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yíya àwòrán x-ray ní oṣù January láìtò sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ó sì yé mi ìdí tí ara rẹ fi ń yá. Iṣẹ́ gidi ni. Ní wọ́ọ̀dù wa, mo máa ń rí wọn lóru bí wọ́n ṣe ń ti ẹ̀rọ náà wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n á rọra gbé arúgbó tí egungun ìbàdí rẹ̀ ti ṣẹ́, tí wọ́n á sì ki pátákó àwòrán bọ abẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ kó ké. N kò sọ pé kí o má kọ́ ọ. Gbèsè tí o máa gbé dé ìdí iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Tún ìwé yẹn kà. Wọ́n kọ Pell Grant, owó ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ilé wọn kò tó, sókè, wọ́n kọ ẹ̀yáwó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan bí ẹni pé ẹ̀bùn ni gbogbo rẹ̀. Pell nìkan ni ẹ̀bùn níbẹ̀. Ẹni tí òfin ṣì kà sí ọmọ abẹ́ òbí kò lè yá ju $5,500 lọ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọdún kìíní, àti $6,500 ní ọdún kejì. Nítorí náà, nínú $40,000 tí yóò kù fún ọ láti san lẹ́yìn Pell, $28,000 yóò jẹ́ ti báǹkì, tàbí kí èmi yá a lórúkọ ara mi nínú Parent PLUS, ètò ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ fún òbí, èyí tí èlé rẹ̀ jẹ́ 8.94 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026.

Bí o bá padà wá sílé, Houston Community College ń kọ́ni ní iṣẹ́ kan náà ní ọgbà Coleman wọn, láàárín Texas Medical Center, ẹni tó sì ń gbé ní àgbègbè kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ni owó rẹ̀ kéré jù. Pell lè tó $7,395 lọ́dún fún ẹni tó bá tọ́ sí gbogbo rẹ̀. Bí a bá tún ní láti yáwó, kí ó má kọjá èyí tí ìjọba ń ru èlé rẹ̀ nígbà tí o bá ṣì wà nílé ẹ̀kọ́, ìyẹn $3,500 lọ́dún kìíní àti $4,500 lọ́dún kejì. $8,000 ni àpapọ̀ rẹ̀. Bí o bá fi ọdún mẹ́wàá san án pẹ̀lú èlé 6.39 nínú ọgọ́rùn-ún ti ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026, bíi $90 ni lóṣù. Bí a bá tilẹ̀ fi èlé kékeré yìí kan náà ṣírò $40,000, bíi $452 ni lóṣù.

Ìdánwò ARRT, ẹgbẹ́ tó ń fún àwọn tó ń ya àwòrán x-ray ní ìwé ẹ̀rí, kan náà ni ìwọ àti àwọn tó kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn máa ṣe, ilé ìwòsàn kò sì ní fi kọ́bọ̀ kún owó rẹ nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ rẹ wọ́n. Bureau of Labor Statistics, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣírò owó iṣẹ́, ní $73,410 lọ́dún ni owó tó wà láàárín gbùngbùn fún iṣẹ́ yìí ní May 2023. Ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ kò gbà tó bẹ́ẹ̀, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sì wà lára wọn. Owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni kí o fi ṣírò, lẹ́yìn tí o bá ti yọ owó orí àti ìnáwó ilé. Rántí oògùn màmá àgbà ní Ọ̀yọ́, àti owó ilé ìwé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ. Ẹni tó ń san $90 á lè dá wọn lóhùn. Ẹni tó ń san $452 á máa sá fún ìpè wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí o fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ kí o ṣe medical assistant, olùrànlọ́wọ́ ní ọ́fíìsì dókítà, nítorí pé ó yá jù ú lọ, $42,000 lọ́dún ni tiwọn nínú ìṣirò May 2023 yẹn kan náà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kí ènìyàn jẹ gbèsè kó má sì parí ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tí gbèsè ilé ẹ̀kọ́ ń dà láàmú níbí kì í ṣe ẹni tó yá owó ńlá, bí kò ṣe ẹni tó yá díẹ̀ tó sì dúró lójú ọ̀nà, tí kò ní ìwé ẹ̀rí tí yóò fi wá owó tí yóò san án. Ọ̀rọ̀ Corinthian Colleges kò tíì jìnnà: ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tó ti ìlẹ̀kùn pa lọ́dún 2015, tó sì di ọdún 2022 kí ìjọba tó pa gbogbo gbèsè ìjọba tó ṣẹ́ kù lọ́rùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rẹ́.

N kò ní tàn ọ́ pé ti kọ́lẹ́ẹ̀jì rọrùn. Ọdún méjì tí wọ́n ń pè é kì í sábà jẹ́ méjì, nítorí pé o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba máàkì tó dára nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀yà ara, o sì máa bá àwọn mìíràn du àyè. Nígbà tí o bá bẹ̀rẹ̀ sí lọ sílé ìwòsàn fún ìdánrawò, o kò ní lè ṣiṣẹ́ púpọ̀. Yàrá rẹ ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, a kò sì ní gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ.

Kí o tó fọwọ́ sí ohunkóhun, bi ilé ẹ̀kọ́ aládàáni yẹn bóyá JRCERT, àjọ tó ń yẹ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ x-ray wò, fọwọ́ sí wọn. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ó di dandan kí wọ́n kéde iye akẹ́kọ̀ọ́ tó parí, iye tó yege ìdánwò àti iye tó ríṣẹ́. Béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí o kọ méjèèjì sínú ìwé kan, kí o sì pè mí lọ́jọ́ Saturday tí n kò ní lọ síbi iṣẹ́. Bàbá rẹ náà á wà níbẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.