Ìbọn Tí Bàbá Rẹ Gbẹ́ Igi Rẹ̀ Ti Padà Dé

Ìlú Kétu, ilẹ̀ Benin,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Bàbá Táíwò,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ìbejì àti gbogbo ará wa tí ẹ jọ wà ní Abidjan. Orí tẹlifóònù ni a ti ń kí ara wa láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo ní lónìí kò ṣeé sọ láàárín ariwo ọjà àti owó ìpè tí í tán lójijì. Mo fẹ́ kí o jókòó kà á, kí o sì tún un kà. Ìbọn bàbá mi ti padà dé. Èyí tí bàbá rẹ gbẹ́ igi rẹ̀, tí èmi àti ìwọ jọ gbé lọ sí ibùdókọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí kò sí ẹni tó lè la ẹnu nínú àwa méjèèjì, ó wà nínú yàrá mi bí mo ti ń kọ̀wé yìí, mo sì ń dìde lọ wò ó léraléra bí ẹni pé wọ́n tún lè wá gbé e.

Jẹ́ kí n yára sọ ìròyìn yòókù kí ó má baà há mi lọ́fun: ara ìyá mi le, Àìná ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, àgbàdo ọdún yìí dára, ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin sì ní kí n sọ fún ọ pé aṣọ tí o fi ránṣẹ́ ti tẹ òun lọ́wọ́. Ó tán.

Ibi ìsípà ọdẹ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àgbà ọdẹ kan ló papò dà ní àdúgbò wa, àwọn ọdẹ sì wá láti Pobẹ̀, láti Ìmẹ̀kọ àti láti Sábẹ láti bá wa ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún un. Nígbà tí ìrèmọ̀jé rọlẹ̀, tí àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ìbọn wọn, ọkùnrin kan láti Sábẹ ní bàbá arúgbó kan wà ní ìlú àwọn tó ní ìbọn òyìnbó kan tí òun kò rí irú ẹwà rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n tí kò bá èjìká ẹnikẹ́ni mu. Ó ní ẹni tó bá gbé e lé èjìká, ńṣe ni igi rẹ̀ ń ti ojú onítọ̀hún kúrò lọ́nà, àti pé ẹnì kan gbẹ́ ẹyẹ kékeré kan sí abẹ́ ọrùn igi náà, níbi tí àtẹ́lẹwọ́ máa ń bò mọ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, ọtí tí mo ti gbé dé ẹnu kò wọlé mọ́.

O mọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìbejì rẹ kò mọ̀ ọ́n, èmi yóò sì kọ ọ́ síhìn-ín kí o lè kà á sí wọn létí, kí wọ́n mọ irú ọwọ́ tí bàbá wọn àgbà ní. Irin ìbọn náà wá láti Jámánì. Irú èyí tí ilé-iṣẹ́ ìbọn Mauser gbé jáde ní 1898 ni, tí àwọn oníṣẹ́ ìbọn ṣì ń wò ṣe tiwọn títí di òní. Ọta tó ń jẹ, tí a tẹ nọ́ńbà rẹ̀, 9,3x62, sára ọ̀pá rẹ̀, Otto Bock, oníṣẹ́ ìbọn kan ní Berlin, ló gbé e jáde ní 1905 fún àwọn tó ń lọ dojú kọ ẹran ńlá ní ilẹ̀ Áfíríkà. Kò jọ ṣakabùlà tí a ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu. Inú ọ̀pá rẹ̀ ní àwọn ìlà tó yí po láti ìdí dé ẹnu, àwọn ni wọ́n ń mú kí ọta máa pòòyì bí ó ti ń jáde, kí ó lè lọ tààrà dé ọ̀nà jíjìn. Òyìnbó kan tó ń mójú tó igbó ló tà á fún bàbá mi nígbà tí ó fẹ́ padà sílé, igi ìdí rẹ̀ sì ti là kọjá àtúnṣe nígbà náà. Irin lásán ni bàbá mi gbé wá sí ìsọ̀ bàbá rẹ.

Lọ́jọ́ náà, bàbá rẹ kò tilẹ̀ fọwọ́ kan igi. Wọ́n ní kí bàbá mi ká apá òsì wọn, nítorí ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń ṣe ohun gbogbo, wọ́n sì fi okùn wọn ọ́n láti inú ìgúnpá dé oríkèé ìka ìfábẹ̀lá tí yóò máa fa ìbọn, wọ́n ta kókó sí ibi tó parí sí, wọ́n so okùn náà kọ́ sára ògiri. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gun òkè àjà lọ gbé pákó igi apá kan tó ti gbẹ sí ojú èéfín fún ọdún púpọ̀. Wọ́n yan ibi tí ìlà ara igi ti gba ọrùn ìbọn kọjá láìjá, nítorí ibẹ̀ ni igi ìbọn ti ń ṣẹ́. Nítorí pé èjìká òsì ni ìbọn náà yóò máa gbé, wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ díẹ̀ sí òsì, wọ́n sì fi ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò sùn lé sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún igi náà, èyí tí kò sí lára ìbọn ẹlòmíràn ní gbogbo Kétu. Wọ́n ní kí alágbẹ̀dẹ rọ irin kékeré kan tí ó gba inú igi náà kọjá, kí agbára ìbọn má baà là á bí ó bá ti ń ta sẹ́yìn. Ewé eépín ni wọ́n fi yún un títí ó fi jọ̀lọ̀, wọ́n sì fi àdí pa á. Ọwọ́ tó gbẹ́ ojú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún ìdajì ìlú yìí, kí UNESCO tó kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé ní 2001, ọwọ́ náà kò lè jẹ́ kí igi kan lọ láìfi nǹkan sí i lára. Ìdí ẹyẹ náà nìyẹn.

O rántí ohun tí bàbá rẹ bi mí lẹ́yìn tí a ti ibùdókọ̀ dé. Wọn kò béèrè iye tí mo tà á. Wọn kò béèrè orúkọ ẹni tó rà á. Owó iṣẹ́ abẹ tí àwọn dókítà ní Kùtọnu fẹ́ ṣe fún ìyá mi ni mo wá, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé, “Ọwọ́ wo ni ọkùnrin náà fi ń yìnbọn?” Mo ní ọwọ́ ọ̀tún ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ó dáa. Yóò kàn máa bá a tọ́jú rẹ̀ ni.” Nígbà náà mo rò pé wọ́n ń tù mí nínú ni. Ní àárín ọdún yìí ni mo tó rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn ni wọ́n ń ṣàlàyé fún mi.

Mo gba Bohicon, mo gba Dassa, títí mo fi rí àwọn òkè Sábẹ níwájú. Bàbá arúgbó náà ṣì wà láyé, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, wọ́n sì gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n ní kí ọmọ wọn mú ìbọn náà wá láti yàrá ẹ̀yìn tí kò ní fèrèsé. Kí wọ́n tó gbé àtùpà dé ni ọmọ náà ti gbé e lé mi lọ́wọ́ nínú òkùnkùn, àtẹ́lẹwọ́ mi sì bọ́ sórí ẹyẹ náà gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ìyẹ́ apá rẹ̀ kan tí ó ti gé sọnù láti ìgbà tí a wà lọ́mọdé. Mo gbé e lé èjìká òsì. Mi ò ní láti wá ojú ọ̀nà; ojú mi ti wà níbẹ̀. Mo jogún ọwọ́ òsì bàbá mi, ọ̀rẹ́ mi, kò sì sí ẹni tí ìbọn yẹn gbọ́ èdè rẹ̀ láyé mọ́ àfi èmi.

Bàbá náà ní àwọn kò fi pa ẹran tó ẹyọ márùn-ún, nítorí kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti fi wo ẹran. Ohun tó pa á mọ́ fún mi nìyẹn, òun náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́. Inú àpò awọ ni wọ́n tì í mọ́ fún ọdún púpọ̀, awọ sì máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra. Ìpẹtà ti jẹ apá kan ọ̀pá ìbọn náà níbi tó ti fara ti awọ. Mo fa irin ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, mo yẹ nọ́ńbà ara rẹ̀ wò mọ́ èyí tó wà lára ìbọn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo gbé ẹnu ìbọn sí ìmọ́lẹ̀, mo wo inú rẹ̀, àwọn ìlà rẹ̀ ṣì ń dán. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ohun tó kù. Ìgbà tí mo gbé ìdí rẹ̀ lé ilẹ̀ ni mo rí i pé wọ́n ti gé e. Wọ́n rò pé gígùn rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó bá àwọn mu, ni wọ́n bá fi ayùn gé e ní fífẹ̀ ìka méjì ó lé díẹ̀, wọ́n sì fi kùn pupa kun ojú ibi tí wọ́n gé. Mi ò lè bínú sí wọn. Ẹni tó bá ra aṣọ tí kò bá a mu a máa gé e.

Iye tí wọ́n fi rà á lọ́wọ́ mi, 350,000 sẹ́fà, náà ni wọ́n gbà, wọn kò fi ọ̀ọ́dúnrún lé e. A kọ ìwé, àwọn ẹlẹ́rìí bu ọwọ́ lù ú, a sì fi ìbọn náà han àwọn ọlọ́pàá kí n tó gbé e kúrò ní Sábẹ. Ìwé àṣẹ tó wà lórúkọ bàbá náà kò tíì yí sí orúkọ mi, ìdí nìyẹn tí mi ò fi tíì gbé e jáde kọjá ẹnu ọ̀nà, èmi kò sì ní í gbé e jáde títí ìwé yóò fi pé. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún rí ìdí kan tí yóò fi gbà á lọ́wọ́ mi.

Ìyá mi ni mo bẹ̀rù jù. O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé, kò sí ẹni tó dárúkọ ìbọn náà létí wọn. Nígbà tí mo tú aṣọ kúrò lára rẹ̀, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní kí n gbé e lé ẹsẹ̀ àwọn, ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Wọ́n ní kí Àìná bu àdí wá. Wọ́n fi ìka kan pa igi náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn kò sọ nǹkan kan, àfi ìgbà tí ọwọ́ wọn dé ibi tí wọ́n gé, tí wọ́n ní, “Ta ni yóò fi èyí padà?”

Ìbéèrè náà ni mo gbé wá bá ọ, mo sì bẹ̀ ọ́ kí o má kọ etí ikún sí i. Nígbà tí mo yọ irin kúrò lára igi, mo rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn ibi tí irin ti ń ti igi nígbà tí ìbọn bá ta. Ọta yẹn lágbára. Bí mo bá yìn ín bẹ́ẹ̀, igi bàbá rẹ yóò là sí méjì. Bí a bá dí ìlà náà, tí a sì fi igi kún ìdí rẹ̀, yóò tún dúró dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ igi mìíràn. Ìyókù pákó apá náà ṣì wà lórí àjà ìsọ̀ bàbá rẹ, mo fi ojú ara mi rí i. Okùn tí wọ́n ta kókó sí náà ṣì wà lára ògiri, eruku ti bò ó, ṣùgbọ́n kókó rẹ̀ kò tú, òun ni yóò sì sọ bí a ó ti fi kún un tó.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé àbúrò rẹ ti bá oníṣòwò igi kan sọ̀rọ̀. Wọ́n fẹ́ ṣí òrùlé ìsọ̀ náà, kí wọ́n ta gbogbo pákó tó wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń kan àga. Mi ò bá a jà, ó ní ilé ń jò, òun sì nílò owó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tọrọ pákó kan ṣoṣo yẹn, ó ní ẹrù bàbá àwọn ni, òun kò lè mú un fún ará ìta láìgbọ́ ọ̀rọ̀ láti ẹnu rẹ. Ó dùn mí pé ó pè mí ní ará ìta, ṣùgbọ́n ó tọ̀nà láti dúró dè ọ́. Jọ̀wọ́, pè é kí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ tó kò, nítorí ọjọ́ náà ni oníṣòwò náà fẹ́ wá. Sọ fún un pé pákó apá tó wà ní igun àjà àti okùn ara ògiri kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Èmi yóò san owó pákó náà bí ó bá fẹ́.

Ohun kejì tí mo ń bẹ̀ fún tóbi ju èyí lọ. Mo mọ̀ pé oúnjẹ àtíkẹ́ Abidjan ti mú ọ gbàgbé ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n kò lè mú ọ gbàgbé bí a ti ń di ọ̀bẹ ìgbẹ́nà mú. Ibùsùn àti àga ni o ń kàn níbẹ̀, síbẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ ni o ti kọ́ igi, mi ò sì mọ ẹlòmíràn tí mo lè gbé iṣẹ́ yìí fún. Bí ọ̀nà bá là fún ọ ní oṣù kejìlá, wá sílé. Mo ti fọ yàrá kejì fún ọ. Bí kò bá sì là, kọ ọjọ́ tí yóò là sí mi. N ó fi àdí pa irin rẹ̀, n ó tú igi rẹ̀ sílẹ̀ kúrò lára irin, n ó sì dúró dè ọ́.

Kí ìyàwó fún mi. Ìyá mi ní kí o má gbàgbé láti mú ewé eépín bọ̀ láti oko wa bí o bá ti ń wọ̀lú.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Bàbá Àìná.