Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Ẹ Bá Mi Wá Wákà Màmá Mi

Màrínà,
Ẹ̀pẹ́,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ ORIN TÍ ÈTÒ YÍN PA RẸ́ LÓRÍ KỌ̀ǸPÚTÀ MẸ́TA

Ẹ kú iṣẹ́. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń sanwó ètò yín tó ń mú orin orí kọ̀ǹpútà kan dé orí àwọn yòókù. Mẹ́ta la ní: ọ̀kan ní pálọ̀, ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ̀kẹta jẹ́ ti ọmọ mi obìnrin, Mac, kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ Apple, lòun ń lò. Orin tí mo bá gbé wọ ti pálọ̀ lálẹ́, n ó bá a ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́, mo gbádùn rẹ̀, n kò ní parọ́.

Àwo Haruna Ishola àti Yusuf Olatunji tí bàbá mi fi sílẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ ìyẹn ṣeé wá lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Èyí tó ń dùn mí ni kásẹ́ẹ̀tì 38 tí a fi gba ohùn nílé wa. Kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú 90, wákàtí kan àbọ̀ gbáko ni mo fi ń jókòó tì í, torí bó ṣe ń kọrin ni kọ̀ǹpútà ń gbà á, kò sí bí a ṣe lè lé e sáré. Nínú wọn ni wákà tí Màmá mi lé níbi wòlímọ̀ mi lọ́dún 1994, tí àwọn ìyá àdúgbò ń gbè é. Màmá ti di olóògbé. Tẹ́ẹ̀pù inú kásẹ́ẹ̀tì náà sì ti já.

Fódà tí mo pè ní “Wákà Màmá ní Ẹ̀pẹ́” ṣàdédé di méjì, orúkọ kan náà, kò sí ìyàtọ̀ tí ojú lè rí. Ọmọ mi ló tú u wò. Nínú Unicode, ìlànà àgbáyé tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, “ẹ” lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, U+1EB9. Ó sì lè jẹ́ “e” lásán tí àmì ìsàlẹ̀, U+0323, tẹ̀ lé. Kọ̀ǹpútà kan kọ ọ́ báyìí, èkejì kọ ọ́ bọ̀hún, ètò yín wá kà wọ́n sí orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí Unicode ti fi ìlànà lélẹ̀ tí a fi ń sọ méjèèjì di ọ̀kan kí a tó fi wọ́n wéra.

Ètò yín béèrè bóyá kí òun yọ ẹ̀dà tó pọ̀jù. Mo ní kó yọ ọ́. Ó yọ ọ̀kan ní pálọ̀, ó yọ ìkejì lórí ti ọmọ mi, ó sì mú ìyọkúrò méjèèjì kárí ibi gbogbo. Kí n tó se oúnjẹ alẹ́ tán, kò ku ẹyọ kan.

Mo kọ̀wé sí yín. Ẹni tó dá mi lóhùn ní kí n yọ àmì kúrò lórí orúkọ àwọn fódà mi. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára gan-an. Mo ní fódà “Orin Ìlú”, mo ní “Orin Ìlù”. Ọ̀kan ni wọ́n fi ń ki ìlú, èkejì jẹ́ kìkì sákárà àti àgídìgbo láìsí ohùn ènìyàn. Bí mo bá yọ àmì, orúkọ kan ni wọ́n ń jẹ́, ọ̀kan á sì gorí èkejì. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ kí n ṣe nìyẹn?

Lẹ́yìn èyí, kọ̀ǹpútà méjì tó wà lórí Wi-Fi kan náà nínú ilé mi, orin ṣì ń gba íntánẹ́ẹ̀tì jáde kó tó padà wọlé. Kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú 90 tí a gbà bíi ti CD, tí a kò fún pọ̀, lé ní 900 MB. Ẹ ṣírò dátà tí mo ń rà.

Mo bẹ̀ yín, ẹ yẹ sáfà yín, kọ̀ǹpútà ńlá tí ẹ ń kó nǹkan wa sí, wò kíákíá kí ohun tí a pa rẹ́ tó kúrò níbẹ̀ pátápátá. Mo ti pa ètò náà lórí kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n kò sì gbé nǹkan tuntun lé wọn. Ẹ tún un ṣe kó mọ lẹ́tà wa, kó sì tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì kó tó pa ohunkóhun rẹ́ níbi gbogbo. Owó ọdún yìí, ẹ dá a padà fún mi. Bí wákà Màmá kò bá sí lọ́dọ̀ yín mọ́, ẹ sọ fún mi ní tààrà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí n lè gbé kásẹ́ẹ̀tì tó já náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́.

Èmi ni oníbàárà yín,
Ìyá aláṣọ, Ẹ̀pẹ́.