Àṣàkẹ́, Fún Àníyàn Ní Ọjọ́ Tirẹ̀

Ọjà Gbági Tuntun,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ 17, Oṣù Kẹjọ, 2025.

Àṣàkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ o, mo kí Tóbi àti àbúrò rẹ̀. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Àwa náà wà. Òjò ti fún wa láyè díẹ̀ lóṣù yìí, ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà ọjà ti ń gbẹ, oníbàárà sì ti ń fi bàtà gidi wọlé.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo gbọ́ ọ dé òpin, nígbà tí mo ti ṣọ́ọ̀bù tán, mo tún un gbọ́. N kò fẹ́ fi ohùn dá ọ lóhùn, torí bí mo bá ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù, ẹnì kan á wọlé béèrè iye léèsì, n óò sì gbàgbé ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà bí ìgbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́.

O ní oorun kò kùn ọ́ mọ́. O ní bí o bá ti ẹnu ṣíìfù alẹ́ dé, níbi tí o ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Leeds, tí o fa kọ́tìnnì, ńṣe ni ojú rẹ máa ń là kedere, tí ọkàn rẹ á máa sáré láti orí ọ̀rọ̀ kan bọ́ sórí òmíràn: ìwé ìgbélùú, owó yunifásítì Tóbi, ilé màmá tó ń jò l'Óṣogbo, ọjọ́ ogbó ìwọ fúnra rẹ. O wá rẹ́rìn-ín, o ní, “Àbẹ̀kẹ́, àbí mo ti ń ya wèrè ni?” Ẹ̀rín yẹn kò dùn mọ́ mi nínú.

N kò ní sọ fún ọ pé má ronú. Ẹni tí ìrẹsì rẹ̀ ti wà lórí iná ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò tíì ra ìrẹsì. Ohun tó ń bẹ nílẹ̀ tó ronú sí. Láti oṣù Kẹta 2024 ni wọn kò ti gbà kí oníṣẹ́ ìtọ́jú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ mú ọkọ tàbí ọmọ wá sí Ìlú Ọba mọ́. Ní oṣù Kàrún-ún 2025, wọ́n gbé ìwé jáde pé ọdún 5 tí àlejò fi ń dúró kó tó lè gba ìwé pé kó máa gbé ibẹ̀ títí láé, àwọn fẹ́ sọ ọ́ di 10. Nígbà tó sì di ọjọ́ 22 oṣù Keje, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbéra láti òkèèrè wá ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí irú ọ̀rọ̀ báyìí kàn tí kò ronú, òun gan-an ló yẹ ká bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù fún.

Àwa tí a wà nílé náà mọ̀ ọ́n lára. Ìwọ ti lọ nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Kàrún-ún 2023. Epo tí à ń rà ní iye tí kò tó ₦200 dédé sún mọ́ ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tí kò tó ₦500 ní báńkì ti kọjá ₦1,500 nígbà tó fi di oṣù Kejì 2024. O mọ irú aṣọ tí mò ń tà. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, inú ọkọ̀ ojú omi ló ti ń bọ̀. Bí mo bá ta ọjà tán, tí inú mi dùn, tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà fún mi, owó ọwọ́ mi kò ní ra iye tí mo tà. Ìgbà yẹn ni èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í jí láago mẹ́ta òru, tí mò ń ṣírò owó nínú òkùnkùn. Kò sí èrè kankan nínú ìṣírò aago mẹ́ta. Màámi tó ta aṣọ la ìgbà SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, já lẹ́yìn ọdún 1986 kì í jẹ́ ká dárúkọ owó rárá lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. A rò pé ìkanra ló ń ṣe wọ́n.

Oníbàárà mi kan wà tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ̀ka àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ó wá ra aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ó wo ojú mi, ó ní, “Ìyá Ìbejì, ẹ kì í sùn.” Ó jókòó, ó sì ṣàlàyé nǹkan kan fún mi. Ó ní onímọ̀ kan ní Pennsylvania l'Amẹ́ríkà, Thomas Borkovec, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló kọ ọ́ jáde lọ́dún 1983: kí ènìyàn yan ìdajì wákàtí kan lójoojúmọ́, àkókò kan náà, ibì kan náà, fún àníyàn nìkan. Bó bá yọjú ṣáájú àkókò rẹ̀, kí ó ní kó dúró di ìgbà yẹn, kí ó padà sídìí ohun tó ń ṣe. Bí àkókò bá wá tó, kí ó jókòó ṣe é tẹ́rùn, kí ó sì wá ohun tó ṣeé ṣe sí i.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé àníyàn ń gbọ́ràn sí ènìyàn lẹ́nu ni? Ó ní kò ní gbọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní bí a bá sọ fún ọkàn pé má rò ó, òun gan-an ni yóò máa rò. Ṣùgbọ́n bí a bá ní “ó di ìrọ̀lẹ́”, ó máa ń gbà, torí a kò gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó lọ tán ni mo rántí ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀, pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dÍfá ọrọọrún. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá pa á, ibi “ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀” ni gbogbo ènìyàn máa ń tẹ̀ mọ́. Ní tèmi, ibi ọrọọrún, ìyẹn ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ni mo dúró sí. Babaláwo tó mọ̀ ju gbogbo wa lọ pé ọ̀la lè yí padà, kì í tẹ́ ọ̀pẹ̀lẹ̀ síwájú tọ̀sán tòru. Ọjọ́ rẹ̀ ló ń dúró dè. Bó bá dá a tán, tí ẹbọ wà níbẹ̀, á rú u, á gbé àdá rẹ̀, á gba oko lọ. (Onígbàgbọ́ ṣì ni mí o, má lọ sọ nǹkan mìíràn fún pásítọ̀.)

Lójoojúmọ́ pọ̀ jù fún mi. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú àti ọ̀sán Àìkú ni mo yàn, lórí àga onípákó tó wà lẹ́yìn ilé. Nọ́ọ̀sì yẹn tẹnu mọ́ ọn pé kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì, kí ibùsùn má baà di ilé àníyàn. Fún òru, mo fi ègé páálí kan àti bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Bí nǹkan bá jí mi, ọ̀rọ̀ kan péré ni mò ń kọ, n kì í tan iná: “rẹ́ǹtì”, “dọ́là”, “ẹsẹ̀ Bàbá”. Nígbà mìíràn tí ilẹ̀ bá mọ́, n kì í lè ka ohun tí mo kọ, mo máa ń gbà pé kò ṣe pàtàkì nìyẹn. Fóònù ń sùn ní pálọ̀.

Lọ́jọ́ tí mo bá wá jókòó, mo máa ń ya àwọn tó níṣẹ́ nínú sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí kò níṣẹ́ nínú. Rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù níṣẹ́ nínú. Alájọ wa ń gba owó lójoojúmọ́. Bí oṣù bá parí, á yọ ti ọjọ́ kan fún wàhálà ara rẹ̀, á kó ìyókù fún wa. Mo gba káàdì kejì lọ́wọ́ rẹ̀, rẹ́ǹtì ni mo kọ sẹ́yìn ẹ̀. Onílé kò dín kọ́bọ̀ kù o, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí owó náà dé, kò sì jí mi mọ́. Ti dọ́là ńkọ́? Mo wò ó síwá, mo wò ó sẹ́yìn. Ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ mi ni kí n dín ọjà òkèèrè kù, kí n fi aṣọ òkè Ìṣẹ́yìn àti àdìrẹ Abẹ́òkúta kún káńtà. (Àdìrẹ gidi ni mo wí, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà tí wọ́n ń tà ní ìdajì owó, tí wọ́n fi ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ìyá Ìtòkú.) Mo ti ṣe ìyẹn. Ìyókù ọ̀rọ̀ dọ́là kì í ṣe tèmi, n kò sì wo iye rẹ̀ mọ́ àfi lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ ra ọjà.

Ó yá, jẹ́ ká wo tìrẹ.

Ìwé ìgbélùú: ohun tí wọ́n gbé jáde yẹn, ètò tí wọ́n ń gbèrò ni, bóyá yóò kan ẹ̀yin tí ẹ ti wà níbẹ̀, títí di Oṣù Kẹjọ 2025 tí mò ń kọ lẹ́tà yìí, wọn kò tíì fi òfin sọ ọ́. Iṣẹ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kó ìwé owó oṣù rẹ jọ pátá láti ọjọ́ tí o ti bẹ̀rẹ̀, má jẹ́ kí ọ̀kan sọnù. Lọ bá agbaninímọ̀ràn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Immigration Advice Authority, àjọ tí wọ́n ń pè ní OISC tẹ́lẹ̀. Má lọ bá ẹni tó ń ṣe fídíò nínú mọ́tò. Béèrè, kọ ìdáhùn sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bí o bá ka ìròyìn náà nígbà mẹ́wàá lóòjọ́, ìjọba wọn kò ní mọ̀ pé o kà á.

Owó yunifásítì: ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Tóbi. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kejì ló ṣì ń wá láràárọ̀. Tún un gbé wá nígbà tó bá pé mẹ́rìndínlógún.

Ọjọ́ ogbó rẹ ni mo rò pẹ́. Mo fura pé òun ló bí àwọn tó kù. Lálaalẹ́ ni ò ń wẹ ìyá àgbà tí ọmọ rẹ̀ kì í wá, tí o ń yí wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń pè ọ́ ní orúkọ ẹlòmíràn. Kò sí bí o kò ṣe ní rí ara rẹ níbẹ̀. Àwa tí à ń ta aṣọ, aṣọ là ń rí. Ìparí ayé ènìyàn ni wọ́n gbé síwájú rẹ bí iṣẹ́ òòjọ́, o tún ń retí pé kí o sùn bí ọmọ ọwọ́. N kò ní ìdáhùn sí èyí, owó kò sì ní ìdáhùn sí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé o ti fi ẹgbẹ́ yín ní Leeds sílẹ̀ torí aṣọ ẹbí pọ̀ jù. Padà síbẹ̀. Má ra aṣọ. Jẹ́ kí wọ́n máa yọ ẹnu sí ọ, kí o ṣáà jókòó sáàárín àwọn tó mọ oríkì rẹ.

Bí oorun kò bá wá padà, bí àyà bá ń já ọ fún oṣù pípẹ́, lọ rí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní ní England, NHS Talking Therapies kò nílò kí dókítà kọ̀wé fún ọ kí o tó lọ, ìwọ fúnra rẹ lè forúkọ sílẹ̀. Má sì dá mi lóhùn pé o kì í ṣe aláàárẹ̀ Arò, ilé ìwòsàn ọpọlọ Abẹ́òkúta. Láti kékeré ni wọ́n ti fi Arò dẹ́rù bà wá. Ohun tí Adéoyè Lámbò, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ láti 1954 kò yẹ kó ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù: abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn ni ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí, pẹ̀lú ẹbí wọn, láàárín àwọn àgbẹ̀, tí wọ́n ń se oúnjẹ, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú. Gbogbo ayé wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwa tó wà nítòsí ló sọ orúkọ ibẹ̀ di èébú.

Ó ku ilé tó ń jò. Ìyẹn kò yẹ kó wà nínú ìwé rẹ rárá, ìwé tèmi ló yẹ kó wà. Mo lọ s'Óṣogbo lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mú káfíńtà dání. Igi méjì ló ti jẹrà lókè yàrá màmá, ìyókù le koko. Páànù ẹ̀gbẹ́ kan la máa pààrọ̀, kì í ṣe gbogbo ilé bí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe sọ fún ọ. Iye owó rẹ̀ wà nínú fọ́tò tí mo máa fi ránṣẹ́ lálẹ́ yìí, kí o fi tìrẹ ránṣẹ́ kí òjò Oṣù Kẹsàn-án tó dé. Ọ̀rọ̀ kan ló kù: màmá ní páànù pupa làwọn ń fẹ́. Mo ní pupa wọ́n ju èyí tí kò láwọ̀ lọ, wọn kò sì ní rí i láti inú ilé. Wọ́n ní àwọn kò sọ pé àwọn fẹ́ máa wò ó, àwọn ará àdúgbò ni kó wò ó. Káfíńtà ń dúró de èsì. Ṣé kí n ra pupa?

Èmi ni tìrẹ,
Àbẹ̀kẹ́.